Òkun Kò Mọ Ààlà Páríìṣì: Sátidé Kan ní Norfolk

Norfolk wà ní ìlà-oòrùn England, níbi tí ilẹ̀ ti yọ síta sínú Òkun Àríwá. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni, ilẹ̀ oko. Abúlé ibẹ̀ pọ̀ lọ súà, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ sí èyí tí kò ní ṣọ́ọ̀ṣì olókùúta tó ti wà láti ayébáyé. Abúlé kan pẹ̀lú ilẹ̀ tó yí i ká ni wọ́n ń pè ní páríìṣì, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ àlùfáà nìkan. Páríìṣì ni ìjọba tó kéré jù lọ níbẹ̀. Ó ní ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà ẹsẹ̀, itẹ́ òkú àti gbọ̀ngàn ìpàdé. Kálukú ló mọ ibi tí ilẹ̀ tirẹ̀ parí sí. Ògiri àti òkìtì tí wọ́n fi ń dá òkun dúró pàápàá, ẹlòmíràn ló ń tọ́jú ti ìhín, ẹlòmíràn ló ń tọ́jú ti ọ̀hún.

Ní Sátidé, 31 oṣù Kìíní ọdún 1953, òkun gba orí gbogbo ààlà yẹn kọjá. Èèyàn 307 ló bá omi lọ ní etíkun ìlà-oòrùn England, nǹkan bí 100 nínú wọn sì jẹ́ ti Norfolk. Bí omi yẹn ṣe pọ̀ tó kọ́ ló ń yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn náà. Ìrìn rẹ̀ ni. Ó bẹ̀rẹ̀ lápá òkè ní nǹkan bí aago méje alẹ́, ó ń ti abúlé kan bọ́ sí òmíràn, aago kan òru kọjá kí ó tó pa àwọn tó pa nísàlẹ̀. Wákàtí mẹ́fà gbáko. Fóònù wà, rédíò wà, ọlọ́pàá wà lórí kẹ̀kẹ́. Omi ló tún fúnra rẹ̀ lọ jíṣẹ́ fún àwọn tó kù.

Òru mọ́jú

Ìtòsí Iceland ni ìjì náà ti gbéra. Ó gba òkè Scotland kọjá, ó wá ṣẹ́rí wọ Òkun Àríwá. Ní erékùṣù Orkney, eré rẹ̀ ju 100 máìlì lọ láàárín wákàtí kan. Ní àríwá Scotland, igbó igi tí wọ́n ti gbìn láti ọdún pípẹ́ wó lulẹ̀ bẹẹrẹ kí ọjọ́ tó kanrí.

Òṣùpá àrànmọ́jú ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá ni. Ní òru ọjọ́ 29 mọ́jú ọjọ́ 30, ayé ti ṣíji bo òṣùpá yẹn pátápátá. Ní àsìkò tí òṣùpá bá kún báyìí, òkun máa ń ga ju ti ọjọ́ mìíràn lọ. Apẹja mọ èyí, àgbẹ̀ etíkun náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní ìwé tí wọ́n kọ wákàtí ìkún òkun sí, ìwé náà sì sọ pé ní King's Lynn, nǹkan bí aago 7:30 alẹ́ ni òkun yóò kún. Kò sí ohun tó jọni lójú nínú ohun tí ìwé náà sọ. Ìwé mọ òṣùpá, kò mọ ìjì.

7:45 òwúrọ̀

Ọkọ̀ ojú omi Princess Victoria kúrò ní Stranraer ní Scotland, ó forí lé Larne ní Northern Ireland, èrò àti ẹrù wà nínú rẹ̀. Ìgbì fọ́ ilẹ̀kùn ńlá tó wà ní ìdí ọkọ̀, ibi tí mọ́tò ń gbà wọlé, omi sì ya wọ inú ọkọ̀. David Broadfoot, òṣìṣẹ́ rédíò, kò kúrò nídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ó ń ké pe ìrànwọ́ títí ọkọ̀ fi rì ní nǹkan bí aago méjì ọ̀sán. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ni wọ́n fún un ní àmì-ẹ̀yẹ George Cross. Èèyàn 133 ló kú. Kò sí obìnrin kan, kò sì sí ọmọdé kan, tó yè é nínú ọkọ̀ náà.

Apá ìwọ̀-oòrùn lọ́hùn-ún ni ìyẹn ti ṣẹlẹ̀, ó jìnnà sí Norfolk. Mo mẹ́nu bà á nítorí pé ìjì kan náà ni. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé ìjì yìí yọ́ wọlé.

Ọ̀sán

Òkun Àríwá fẹ̀ lókè, ó sì jìn. Bí ó ṣe ń bọ̀ nísàlẹ̀ ló ń fún, tí jíjìn rẹ̀ sì ń dín kù, títí yóò fi kan ibi tóóró tó wà láàárín England àti Faransé. Bí àrọ tí wọ́n fi ń da epo sínú ìgò ló rí. Ìjì wá dúró lẹ́yìn omi, ó ń tì í wọ inú àrọ, ẹnu ìsàlẹ̀ kò sì lè gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀gbẹ́ nìkan ló kù tí omi lè gbà: England lápá kan, Netherlands lápá kejì.

Láàárín Lincolnshire àti Norfolk, apá òkun kan wọ inú ilẹ̀ lọ tí wọ́n ń pè ní Wash. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ló yẹ kí òkun fà níbẹ̀, kí ẹrẹ̀ etí omi hàn gbangba gẹ́gẹ́ bí ó ṣe máa ń hàn lójoojúmọ́. Kò fà bó ṣe yẹ. Omi tó yẹ kó padà lọ sí àárín òkun kò rí àyè padà, èyí tó ń bọ̀ lálẹ́ yóò sì wá gun orí rẹ̀. Àwọn tó ń gbé létí omi rí i, wọ́n sọ ọ́ fún ara wọn. Ta ni wọn ì bá tún sọ fún? Sátidé ni. Ọ́fíìsì ti tì. Láti ìgbà tí omi ti pa èèyàn 14 ní London lọ́dún 1928, wọ́n ti ṣètò bí wọn yóò ṣe máa kìlọ̀ fún àwọn ará odò Thames. Fún etíkun Norfolk àti àwọn tó kù, kò sí irú ètò bẹ́ẹ̀.

Ohun kan tún wà tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa àkókò yẹn. Ogun ti parí láti ọdún kẹjọ, ṣùgbọ́n ara kò tíì rọ ìlú. Súwíìtì àwọn ọmọdé pàápàá, kúpọ́ọ̀nù ni wọ́n ṣì fi ń rà á. Ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejì ni ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ fòpin sí i. Ilé gbígbé ṣọ̀wọ́n. Nítorí náà, búńgálò onípákó tí wọ́n kọ́ sí etíkun fún ìsinmi ìgbà ooru ti di ibi tí àwọn ìdílé ń gbé yípo ọdún, nínú òtútù oṣù Kìíní, tọmọ tàgbà. Ní Hunstanton, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ìdílé àwọn ará Amẹ́ríkà tó ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó ọkọ̀ òfuurufú ológun ní Sculthorpe. Wọn kò mọ òkun yẹn rárá.

Aago 7 alẹ́

Oòrùn ti wọ̀ ṣáájú aago márùn-ún. Ní nǹkan bí aago méje, òkun fọ́ ìdènà ní Lincolnshire, ó wọ Mablethorpe àti Sutton-on-Sea. Ó lé ní 40 èèyàn tó kú ní ẹkùn yẹn.

Ojú omi Wash ló wà láàárín etíkun Lincolnshire àti ti Norfolk. Àwọn ọlọ́pàá Lincolnshire bẹ̀rẹ̀ sí í sá sókè sódò, wọ́n ń kó èèyàn, wọ́n ń gbé arúgbó kọ́ èjìká, wáyà fóònù sì ti ń já ní ibi púpọ̀. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí omi dé àyà rẹ̀ kò ráyè ronú nípa ará ẹkùn kejì. Ẹni tó yẹ kó ronú nípa rẹ̀ ni ẹni tó jókòó síbi tó gbẹ, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti wo gbogbo etíkun lápapọ̀. Wọn kò tíì yan irú ẹni bẹ́ẹ̀.

7:27

Ọkọ̀ ojú irin aago 7:27 gbéra ní Hunstanton, ó ń lọ sí King's Lynn. Ojú irin yẹn, tí wọ́n ṣí ní 1862 tí wọ́n sì tì pa ní 1969, etí òkun ló gbà, ó máa ń gba Heacham àti Snettisham kọjá. Kò tíì jìnnà tí omi fi pàdé rẹ̀ nínú òkùnkùn. Lórí omi náà, odindi búńgálò kan ń léfòó bọ̀, ó sì lọ forí sọ iwájú ẹ́ńjìnnì.

Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ, torí ó le láti gbà gbọ́: rélùwéè kọ́ ló lọ kọlu ilé, ilé ló wá kọlù ú. Bíréèkì bàjẹ́. Omi wọ inú ọkọ̀ títí ó fi dé àga, ó sì pa iná ẹ́ńjìnnì. Awakọ̀ àti ẹnì kejì rẹ̀ tó ń da èédú kò lè lọ síwájú, wọn kò lè padà sẹ́yìn. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ni ọkọ̀ náà wà lójú kan, tòun ti èrò, kí omi tó lọ sílẹ̀ díẹ̀. Àwọn méjèèjì wá fi ọgbọ́n dí ibi tó bàjẹ́ lára bíréèkì. Wọ́n já pákó ilẹ̀ inú ọkọ̀ èédú, wọ́n fi dáná, wọ́n sì fi èéfín omi gbígbóná díẹ̀ tí wọ́n rí rọra ti gbogbo ọkọ̀ náà padà sẹ́yìn sí Hunstanton. Àwọn èrò inú rẹ̀ kò mọ̀ pé àwọn ni orí ṣe ní oore jù ní etíkun yẹn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Lẹ́yìn 7:30

Abúlé Snettisham gan-an kò sí létí òkun. Ó tó máìlì méjì sí i, ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ onígogoro wà lórí ilẹ̀ tó ga. Ṣùgbọ́n páríìṣì dé etí omi, níbẹ̀ ni ìlà búńgálò kan wà lórí òkìtì òkúta wẹ́wẹ́. Iwájú wọn ni òkun. Ẹ̀yìn wọn ni kòtò ńlá tí wọ́n wà nígbà ogun, nígbà tí wọ́n ń kó òkúta lọ ṣe pápá ọkọ̀ òfuurufú, tí omi sì ti kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ sá kúrò níwájú òkun yóò sá wọ inú kòtò. Èèyàn 25 ló kú ní Snettisham, 9 ní Heacham tó múlé tì í.

Àwa tí a mọ omíyalé àti àgbàrá-ya-ṣọ́ọ̀bù, òjò la mọ̀ ọ́n mọ́. Òjò máa ń rọ̀ fún wákàtí mélòó kan, a ó máa gbọ́ ọ lórí páànù, a ó sì ráyè gbé bẹ́ẹ̀dì sókè. Èyí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó jókòó ti iná nílé gbọ́ ariwo ìjì, ìyẹn kò ṣàjèjì sí i. Lẹ́yìn náà omi wọlé lábẹ́ ilẹ̀kùn. Kí ó tó dìde, ilẹ̀kùn ti ṣí, omi ti dé orúnkún, ó ti dé ìbàdí, ó sì tutù débi pé ẹni tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ kò ní lè wẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Àwọn tó ní àjà gun àjà. Àwọn tí kò ní, wọ́n dá òrùlé lu láti inú, wọ́n jókòó sórí rẹ̀ nínú aṣọ ilé. Ilé pákó kì í dúró sójú kan nínú omi bẹ́ẹ̀. Nígbà mìíràn ilé náà ló máa ń gbéra, tòun ti ẹni tó wà lórí rẹ̀.

Aago 8 sí òru, Hunstanton

Ìlú Hunstanton wà lórí òkè olókùúta tí àwọ̀ rẹ̀ pín sí pupa àti funfun, tí àwọn àlejò máa ń wá wò. Omi kò lè dé ibẹ̀. Ìsàlẹ̀, ní South Beach Road, ni àwọn búńgálò wà. Èèyàn 31 ló kú ní Hunstanton, ìdílé àwọn ará Amẹ́ríkà pọ̀ nínú wọn. Ìrìn ìṣẹ́jú díẹ̀ ni láti ibi tí àwọn kan ti jókòó ti iná tí wọ́n ń mu tíì, dé ibi tí àwọn aládùúgbò wọn ti ń ké lórí òrùlé, ìjì sì ń gbé igbe náà lọ síbòmíràn.

Ọmọ ọdún 22 ni Reis Leeming, sójà òfuurufú ará Amẹ́ríkà láti Sculthorpe. Ó ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ. Kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n kọ́kọ́ gbìyànjú láti lò kò lè dojú kọ ìgbì àti pàǹtírí igi tó ń gbá kiri. Leeming mú ọkọ̀ rọ́bà kan, ó bọ́ sínú omi tó mù ún dé ọrùn, ó sì ń fi ẹsẹ̀ rìn, ó ń ti ọkọ̀ náà síwájú láti ilé sí ilé. Gíga rẹ̀ nìkan ló fi rí ilẹ̀ tẹ̀. Nínú òkùnkùn, kò lè mọ ibi tí kòtò wà. Ó ń gbé èèyàn kúrò lórí òrùlé, ó ń dà wọ́n sínú rọ́bà, ó ń tì wọ́n lọ sí ibi gbígbẹ, ó tún ń padà, títí òtútù fi dá a dùbúlẹ̀. Èèyàn 27 ló gbà là. Ìjọba Britain fún un ní George Medal, àmì-ẹ̀yẹ tí wọn kì í sábà fún ẹni tí kì í ṣe ọmọ ilẹ̀ wọn.

Àwọn ọlọ́pàá ìlú náà àti àwọn aládùúgbò wọ omi lọ pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì gba àmì kankan.

Àkókò kan náà, apá àríwá àti ìlà-oòrùn

Ní King's Lynn, òkun gba inú odò Ouse gòkè wọ ìlú. Ó fi mítà 2.97 ga ju ibi tó yẹ kó dé lọ, èèyàn 15 sì kú. Ní etíkun àríwá, ní Wells, Blakeney, Cley àti Salthouse, omi gun orí òkìtì òkúta, ó kọjá lórí àbàtà, ó wọ ojú pópó. Ṣọ́ọ̀ṣì Salthouse wà lórí òkè, ó ń wo àbàtà lọ́ọ̀ọ́kán. Àwọn tó kọ́ ọ ní ayé ìgbà náà mọ irú òkun tí wọ́n ń bá gbé. Àwọn tó wá kọ́ ilé sísàlẹ̀ lẹ́yìn wọn ni omi bá wí.

Sea Palling wà lápá ìlà-oòrùn, òkìtì iyanrìn nìkan ló dá a sí lọ́wọ́ òkun. Òkìtì náà já, èèyàn méje kú. Àwọn ará agbègbè yẹn kò tíì gbàgbé oṣù Kejì ọdún 1938, nígbà tí òkun ya wọ Horsey tó wà nítòsí wọn.

Nǹkan bí aago 10 alẹ́

Ó di ti Great Yarmouth. Ibi tí àwọn èèyàn kọjú sí kọ́ ni omi gbà wọlé. Odò àti adágún Breydon tó wà lẹ́yìn ìlú ni ó gbà, ó ya wọ Cobholm àti Southtown, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ àti tálákà ń gbé. Wákàtí mẹ́ta ti kọjá lẹ́yìn Mablethorpe.

Òru

Lẹ́yìn ibẹ̀ omi kúrò ní Norfolk, n kò sì ní tẹ̀ lé e jìnnà. Ó dé Felixstowe àti Harwich ní àyíká ọ̀gànjọ́. Lẹ́yìn aago kan òru ó dé Jaywick àti Canvey Island ní Essex, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti sùn lọ fọnfọn. Ó lé ní 50 tó kú ní Canvey nìkan. Ní Netherlands, ilé-iṣẹ́ ojú ọjọ́ wọn ti fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ láti ìrọ̀lẹ́, ṣùgbọ́n rédíò wọn kì í sọ̀rọ̀ lóru. Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́ta, ògiri omi wọn bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Èèyàn 1,836 ló kú níbẹ̀.

Sọ́ńdè, àti lẹ́yìn rẹ̀

Ilẹ̀ mọ́. Oko Norfolk di òkun, òkú màlúù àti àgùntàn ń léfòó lẹ́bàá ọgbà. Àwọn sójà àti àwọn ará ìlú bẹ̀rẹ̀ sí í kún àpò iyanrìn, torí òkun yóò tún padà kún kí ọjọ́ tó lọ jìnnà. Ní Mọ́ńdè, Ọbabìnrin Elizabeth, tó wà ní ilé rẹ̀ ní Sandringham, máìlì díẹ̀ sí Snettisham, jáde lọ bá àwọn tó sá àsálà. Kò tíì pé ọdún kan tí baba rẹ̀ kú nínú ilé yẹn, wọn kò sì tíì dé òun fúnra rẹ̀ ládé. Oṣù Kẹfà ni ayẹyẹ náà.

Omi lọ, iyọ̀ kò lọ. Ilẹ̀ tí omi òkun bá ti mu, ó máa ń dì bí amọ̀, ohun ọ̀gbìn kì í ṣe dáadáa níbẹ̀. Gípúsọ̀m ni wọ́n dà sórí oko láti lé iyọ̀ náà jáde, iṣẹ́ yẹn sì gba àkókò. Ìjọba yan ìgbìmọ̀ kan tí Waverley jẹ́ alága rẹ̀. Láti inú iṣẹ́ ìgbìmọ̀ yẹn ni ètò ìkìlọ̀ fún gbogbo etíkun ìlà-oòrùn ti jáde, ibẹ̀ náà sì ni èrò ti bẹ̀rẹ̀ tó di ìdènà ńlá orí odò Thames, tí wọ́n ṣí ní 1984. Fún ará abúlé, ètò ìkìlọ̀ ló ṣe pàtàkì jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní àwòrán tí èèyàn lè yà.

Ní 5 oṣù Kejìlá ọdún 2013, ìjì mìíràn tún ti omi wọ inú àrọ kan náà. Ní Wells, omi ga ju ti 1953 lọ. Ní Hemsby, ilé mélòó kan já bọ́ sínú òkun. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ti jáde ṣáájú, àwọn ọlọ́pàá ti ń kan ilẹ̀kùn ní àwọn abúlé etíkun kí omi tó dé, wọ́n ní kí àwọn èèyàn kó ẹrù díẹ̀ kí wọ́n máa lọ sí gbọ̀ngàn ìpàdé àti ilé ìwé tó wà lókè. Àwọn kan kùn, àwọn mìíràn ní àwọn kò lọ síbì kankan. Omi kò gbé ẹnikẹ́ni lọ ní Norfolk lọ́jọ́ yẹn.